Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìyá ọkọ mi ní Odette ni ọmọ mi máa jẹ́

Ìyá Ọmọ Lyon: Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ará Faransé ni ọkọ mi, Lyon la ń gbé. Láti ìgbà tí oyún ti wà lóṣù mẹ́rin la ti fẹnu kò pé orúkọ Faransé àtijọ́ ni ọmọbìnrin wa máa jẹ́, irú Jeanne, Louise, Madeleine, Marguerite. Jeanne ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá ọkọ mi wá ti abúlé rẹ̀ dé, ó ní Odette ni, kò sí òmíràn. Màmá mi gbọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n ní, "Ọ̀dẹ̀ kẹ̀? Ọmọ mi lẹ fẹ́ máa pè ní ọ̀dẹ̀?" Àbúrò mi ní adẹ́tẹ̀ ló ń dún létí òun. Ìyá yìí ti pààrọ̀ kọ́tìnnì mi, ó da ọbẹ̀ ilá mi nù, kò jẹ́ kí n fi omi gbígbóná tẹ ikùn. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ilẹ̀ ló ń wò. Kí ni kí n ṣe?

Àdùkẹ́ Marseille: Jeanne dára. Orúkọ akin ni, Jeanne d'Arc tó kó ọmọ ogun jáde, tí wọ́n dáná sun ní Rouen lọ́dún 1431. Àmọ́ ẹ wo Adèle náà. Orúkọ àtijọ́ ni, àwọn ará ilé á sì pè é ní Adélé wọ́ọ́rọ́wọ́. Adélaïde náà ní adé nínú. Geneviève ni tèmi ń jẹ́, títí dòní Jẹ́nífà ni ìyá mi ń pè é.

Bàbá Ìbejì: Kí ló dé tó fi jẹ́ ti Faransé? Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ fún un ní orúkọ Yorùbá, ó parí.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Bàbá Ìbejì, ẹ rọra. Lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo ní Benin, láyé ìjọba Faransé, kàlẹ́ńdà àwọn ẹni mímọ́ ni ìjọ Àgùdà máa ń ṣí. Ọjọ́ 18 oṣù kejì, ọjọ́ Bernadette, ni wọ́n bí ìyá mi àgbà, bó ṣe di Bernadette nìyẹn. Nílé, Àbẹ̀kẹ́ ni. Àwọn Faransé fúnra wọn, òfin ọdún 1803 ló dè wọ́n mọ́ kàlẹ́ńdà yẹn àti orúkọ àwọn ẹni inú ìtàn ayé àtijọ́. Ọdún 1993 ni òfin tó jẹ́ kí òbí yan orúkọ tó wù wọ́n.

Ìyá Ọmọ Lyon: Àdùkẹ́, ẹ ṣé, Adèle dùn létí. Bàbá Ìbejì, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń da orúkọ tèmi rú níbi iṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Agbẹ̀bí: Ẹ dúró ná. Ikùn aboyún kọ́ là ń fi omi gbígbóná tẹ̀. Ṣé ẹ ti bímọ ni?

Ìyá Ọmọ Lyon: Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọjọ́ Àìkú.

Ìyá Agbẹ̀bí: Ẹ kú ewu ọmọ o. Àmọ́ òní ni Ọjọ́bọ̀! Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ ìbí ni ìjọba fi sílẹ̀ kí ẹ lọ kọ orúkọ ọmọ ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀la ló pé. Tó bá kọjá, ilé ẹjọ́ lẹ máa gbà.

Bàbá Ìbejì: Ọjọ́ kẹjọ ni Yorùbá ń sọmọ lórúkọ.

Àdùkẹ́ Marseille: Mairie ò mọ ọjọ́ kẹjọ, sà. Nígbà tí mo bí tèmi, ṣáájú 2016, ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ọkọ mi sáré lọ, ó lọ kọ orúkọ tí a ò jọ sọ.

Ìyá Agbẹ̀bí: Odette yìí, ta ló ń jẹ́ ẹ?

Ìyá Ọmọ Lyon: Ìyá tó bí ìyá ọkọ mi ni. Òun ló tọ́ ọkọ mi dàgbà. Ó kú nígbà tí oyún mi wà lóṣù méje. Mi ò sọ ọ́ torí mo rò pé kò kan ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Kò kan orúkọ? Yétúndé lẹ bí! Ìyá ọkọ yín ò bá yín jà rárá, ìyá rẹ̀ ló ń wá. Ìyá ọkọ náà lẹ sì ń pè ní "ó, ó" látòwúrọ̀.

Bàbá Ìbejì: Òyìnbó kì í jẹ́ Yétúndé.

Ìyá Agbẹ̀bí: Òyìnbó ò ní ìyá ni? Ìyá kú, ọmọbìnrin wọlé sínú ìdílé kan náà. Ọmọ mi, orúkọ mélòó kan lẹ lè kọ sínú ìwé ìbí, èyí tó bá sì wù yín nínú wọn lẹ lè máa fi pè é. Òfin gbà bẹ́ẹ̀. Kò di dandan kí Odette jẹ́ èyí tí wọ́n máa pè níléèwé.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Yétúndé sí i, ẹ kíyè sí bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ o. Ní mairie, wọ́n gba é, wọn ò gba ú, wọn ò sì gba àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ. Tẹ́ ẹ bá kọ u lásán, wọ́n á ṣì í pè. Yétoundé la máa ń kọ lọ́dọ̀ wa.

Bàbá Ìbejì: Tó bá jẹ́ pé Yétúndé wà nínú ẹ̀, mi ò ní wíjọ́ mọ́.

Ìyá Ọmọ Lyon: Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi, ó bú sẹ́kún. Kò tíì sunkún látìgbà tí wọ́n ti sin ìyá náà. Lánàá mo sọ lójú ìyá rẹ̀ pé orúkọ arúgbó lẹ fẹ́ gbé kọ́ ọmọ mi lọ́rùn. Wọn ò fèsì, ìdáná ni wọ́n wọ̀ lọ. Ọkọ mi ní Jeanne Odette Yétoundé lòun máa kọ láàárọ̀ ọ̀la. Màmá mi ò tíì gbọ́, mo máa pè wọ́n tó bá yá. Àwọn tí wọ́n wà ní ìdáná ni mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ bẹ̀.