Chevelle ọdún 1970: ṣé kí n tú u palẹ̀ ni, àbí kí n máa wà á bí mo ṣe ń tún un ṣe?

Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, Michigan:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra Chevrolet Chevelle, ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́, ti ọdún 1970 lọ́wọ́ aládùúgbò mi kan tó ti fẹ̀yìn tì. Àmì SS (Super Sport, irú Chevelle tó lágbára) wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ńlá tí wọ́n ń pè ní 396 ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì kò bá ti ara ọkọ̀ mu. Bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo tún rí ìpáàrà nísàlẹ̀ bùútù.

Mẹkáníìkì kan ní kí n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí n wá ẹ́ńjìnnì mìíràn, kí n sì kun ún láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó tó pè ga gan-an. Èmi àti ọmọ mi obìnrin, tó máa ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú, fẹ́ wà á lọ sí Woodward Dream Cruise, àjọ̀dún àwọn ọkọ̀ àtijọ́ níbí ní Michigan, ní Sátidé kẹta oṣù kẹjọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹ̀gbọ́n Houston:
Ẹ kú oríire o. Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tẹ́ ẹ rà. Láti 1966 sí 1968, nọ́ńbà ara SS 396 máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 138. Láti 1969 ni SS ti di àfikún tí oníbàárà ń sanwó fún, nọ́ńbà ara ọkọ̀ kò sì lè jẹ́rìí sí i mọ́. Ìwé tí wọ́n fi to ọkọ̀ náà nílé iṣẹ́ ló lè sọ òótọ́. Ẹ wá a lórí táǹkì epo àti lábẹ́ àga. Ẹ tún ka bóòtù ìdérí dífù ẹ̀yìn, ohun tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà ẹ̀yìn: ti SS jẹ́ 12, ti Malibu lásán (Chevelle tí kì í ṣe SS) sábà máa ń jẹ́ 10. Ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn ló ń kọ mí lóminú, torí pé dísìkì ló máa ń wà níwájú SS ọdún 1970.

Màmá Ìbejì, Atlanta:
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ìpáàrà ló yẹ kó gba oorun lójú bàbá yìí. Èmi àti ọkọ mi ló jọ ń tún irú ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ní Michigan kì í ṣàánú irin. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé òòfà, kẹ́ ẹ fà á lọ lára ọkọ̀, pàápàá lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn àti yíká gíláàsì ẹ̀yìn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, púútì ló wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá fi awọ bo òrùlé rẹ̀, ẹ yẹ abẹ́ awọ náà wò dáadáa. Omi máa ń sá pamọ́ síbẹ̀, á sì máa jẹ irin lọ láìsí ẹni tó mọ̀.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi òòlù kékeré gbá ṣáásì, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ dúró, díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń dún gbọ̀ọ́ tàbí tó ń ya bọ́ sílẹ̀, kò sí Woodward lọ́dún yìí. Tó bá le, bùútù yẹn kò tó ẹrù. Wọ́n ń ta páànù bùútù Chevelle ní tuntun. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ á gé èyí tó jẹrà kúrò, á jó tuntun mọ́ ọn.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Dallas:
Èmi á wá ẹ́ńjìnnì mìíràn o. Nọ́ńbà tó bára mu ló ń gbé owó wọlé lọ́jọ́ títà.

Ẹ̀gbọ́n Houston:
Àbúrò, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo láyé ló ní nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó bá ní òun á bá yín tẹ nọ́ńbà mìíràn sí i, ẹ sá fún un. Jìbìtì ni.

Táíwò Alábàámú:
Ẹ gbé bíréèkì ṣáájú gbogbo nǹkan. Wọ́n ń ta dísìkì iwájú tó bá Chevelle mu. Epo ìwòyí ní ẹ́tánọ́ọ̀lù nínú, ó sì máa ń ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́, torí náà ẹ pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo láti táǹkì dé kábúrétọ̀ kí iná má baà sọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ́ìlì tí síńkì pọ̀ nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dà sí i, kí káàmù, irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, má baà tètè jẹ.

Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, Michigan:
Ẹ ṣé gan-an. Bóòtù 10 ni a kà lẹ́yìn. Kò sí ìwé kankan lórí táǹkì. Òòfà lẹ̀ mọ́ ibi gbogbo àfi ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn kan, ṣáásì sì le. Malibu ni, inú mi sì dùn sí i bẹ́ẹ̀. Mi ò ní tú u palẹ̀. Dísìkì àti họ́ọ̀sì ni mo máa kọ́kọ́ rà, wẹ́dà á ṣe bùútù, ọ̀dà á dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé kí n yọ àmì SS yẹn?

Màmá Ìbejì, Atlanta:
Ẹ yọ ọ́ o, kí ẹni tó bá rà á lọ́la má baà rò pé SS lòun rà. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí Mọ́rẹ́nikẹ́ lẹ ti Malibu mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n Houston:
Dífù oníbóòtù 10 yẹn lè má gba gbogbo agbára 396, ẹ má fi í sáré ìje. Kẹ́ ẹ sì gba ìnṣúránsì ti ọkọ̀ àtijọ́, èyí tí ẹ̀yin àti wọn ti jọ fẹnu kò sórí iye ọkọ̀ náà, kẹ́ ẹ tó gbé e jáde.