"Ìmọ̀ Èrè" kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ohùn yẹn padà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London ní ká máa pe ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ àti àṣà Áyálándì tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì òkèèrè ní "Ìmọ̀ Èrè", torí pé Éire làwọn onílùú ń pe ilẹ̀ wọn. Òótọ́ ni, Éire ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí "Ìmọ̀ Èrè" lára ilẹ̀kùn tí kò ní rò pé ọ̀rọ̀ òwò ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Àmì orí É yẹn, fáwẹ́lì gígùn ló ń tọ́ka sí lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe ohùn bíi tiwa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yá a, Éérè ni.

Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n, fi èédú kọ ère, èrè, eré àti erè sára ògiri ilé ìdáná wa. Ọmọ tó bá ṣi ọ̀kan pè kò ní jẹran lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọbẹ̀ lásán lẹ̀ bá fi jẹyán.

Èyí tó ká mi lára jù ni "lítíréṣọ̀ Áyálándì" tẹ́ ẹ kàn dà pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni Yeats àti Joyce, àwọn òǹkọ̀wé ọmọ Áyálándì, fi kọ̀wé. Gaeilge, èdè ìbílẹ̀ Áyálándì, ni òǹkọ̀wé Ó Cadhain fi kọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Cré na Cille, lọ́dún 1949. Ní Yunifásítì Notre Dame, l'Amẹ́ríkà, Gaeilge àti lítíréṣọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣé àwa náà ò mọ̀ ọ́n ni? Ẹ pe ìwé Ṣóyínká ní lítíréṣọ̀ Yorùbá lójú ẹni tó ń kọ́ni ní Fágúnwà, kẹ́ ẹ wá gbọ́ tẹnu ẹ̀. "Lítíréṣọ̀ àwọn ará Áyálándì" yàtọ̀ sí "lítíréṣọ̀ Gaeilge". "Àwọn ará" yẹn kéré lójú, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ẹnìkan nínú yín tún béèrè pé kí ló kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ nípa Áyálándì lókèèrè nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbalé wọn. Kó gbọ́ o: èdè Jámánì ni Thurneysen, onímọ̀ èdè ọmọ Switzerland, fi kọ gírámà Gaeilge àtijọ́ lọ́dún 1909. Ọdún 1946 ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní Dublin. Òkèèrè ló kọ́ wọn nílé nígbà yẹn.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju Éérè lọ, kó gbé e wá, kó sáà fàmì sí i.