Àǹtí mi rù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àǹtí mi ní Ìlọrin níbí ṣe iṣẹ́ abẹ sleeve, èyí tí wọ́n fi ń dín sísanra kù. Wọ́n gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ rẹ̀ kúrò. Ìtọ́ ṣúgà rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó yẹ ká máa yọ̀.

Àwọn èèyàn ni kò jẹ́ kó gbádùn. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Pàkátà, wọ́n gbé àmàlà síwájú ẹ̀. Òkèlè mẹ́ta péré ló lè jẹ, ló bá ń fọwọ́ ra ìyókù kiri nínú abọ́. Màmá kan sì là á mọ́lẹ̀ pé, “Àìsàn wo lò ń fi pamọ́?” Láti ìgbà náà, kì í jáde mọ́. Híjáàbù ńlá ló fi ń bo awọ apá rẹ̀ tó rọ̀ jọwọlọ. Tẹ́lẹ̀, tí ìbànújẹ́ bá dé, oúnjẹ ló fi ń pàrònú rẹ́. Ìyẹn náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ń lo fítámì rẹ̀ déédéé, títí kan B12. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ṣé dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ ni ká padà sí, àbí ká lọ bá àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin? Kí lẹ sì ń fi dá àwọn olófòófó lóhùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kó ṣáà máa gbàdúrà. Ó ń gbà á.