Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹja lábẹ́ omi ni mo ní, orí rẹ̀ jẹ́ dígírì 20, adágún Ọ̀yán ni mo ti ń lò ó. Ṣé kí àbúrò mi mú orí dígírì 9 bọ̀ láti Kánádà?

Atúnrédíòṣe Lafẹ́nwá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo ń tún ṣe ní Lafẹ́nwá, Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n tó bá ti di Sátidé, adágún Ọ̀yán ni ẹ ó ti bá mi pẹ̀lú ìwọ̀. Àbúrò mi ń gbé ní Winnipeg. Lọ́dọ̀ wọn, tí òtútù bá dé, adágún á dì gbagidi, èèyàn á gbé àga jókòó lé e lórí, á fi irin lu ihò, á wá máa pẹja látinú ihò yẹn. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo ní kó yéé parọ́ fún àgbà, àfìgbà tó fi fídíò ránṣẹ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹja lábẹ́ yìnyín ló rà fún mi, àlòkù. Ojú rẹ̀ rí roboto bí aago ara ògiri. Tí ẹ bá tàn án, iná á máa tò yípo létí rẹ̀: ohun tí kò lágbára á yọ bí àwọ̀ ewé, èyí tó lágbára díẹ̀ á dà bí ọsàn, ìsàlẹ̀ omi á pọ́n fòò. Bátìrì UPS kékeré ni mo so mọ́ ọn. Nǹkan dúdú kan wà lẹ́nu wáyà rẹ̀ tí à ń sọ̀ sínú omi, òun ni wọ́n ń pè ní transducer. Òun ló ń ju ìró sísàlẹ̀, òun náà ló ń gbọ́ ọ nígbà tó bá padà. Orí ni èmi ń pè é.

Dígírì 20 ni wọ́n kọ sára orí tèmi. Àbúrò mi ń bọ̀ wálé ní Kérésì, ó ní ti 9 wà, ti 12 náà wà, òun lè mú ọ̀kan bọ̀. Ní Ọ̀yán, tó bá ti ku bíi mítà kan kó kan ilẹ̀, gbogbo ojú ẹ̀rọ á pọ́n. N kì í mọ èyí tó jẹ́ kùkùté, n kì í mọ èyí tó jẹ́ ẹja. Ìwọ̀ mi gan-an, nígbà mìíràn mo rí i, nígbà mìíràn ó ti lọ. Omi mítà 4 sí 8 ni mo sábà máa ń wà.

Mo ti kọ́kọ́ dán an wò nínú kànga ilé wa. Omi inú rẹ̀ kò ju mítà 2 lọ, mo fi okùn wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ ní 2, ó ní 4, ó tún ní 6. Ìyàwó mi dúró tì mí pẹ̀lú korobá, ó ní ṣé ẹja àrọ̀ ni mo fẹ́ pa nínú omi tí a fi ń fọṣọ ni. Ṣé ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ ni, àbí orí rẹ̀ ni kò bá omi wa mu?

Ọmọ Lísàbi ní Saskatoon

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kútọ̀ ni mo dàgbà sí, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń jókòó sórí yìnyín níbí.

Ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. Ti kànga yẹn, ìró ló ń lọ tó ń bọ̀. Ó kan ìsàlẹ̀, ó padà sókè, ojú omi tún tì í padà, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìrìnàjò kejì ló ń pè ní 4, ìkẹta ló ń pè ní 6. Kànga fúnra rẹ̀ tún há, ògiri ń dá tirẹ̀ padà. Ẹ má fi kànga dá ẹjọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ wo ìró yẹn bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ bẹntiróòlù. Àrọ o, kì í ṣe àrọ̀ tí ìyàwó yín ń sọ. Ẹnu tóóró rẹ̀ wà lókè lọ́dọ̀ orí, ẹnu ńlá rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀. Dígírì ni bí àrọ náà ṣe là tó, bí omi bá sì ṣe jìn tó ni ẹnu ìsàlẹ̀ ń fẹ̀ sí. Ní mítà 6, ti 20 fẹ̀ ju mítà 2 lọ díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ti 12 lé díẹ̀ ní mítà kan, ti 9 kò pé mítà kan. Ohunkóhun tó bá ti bọ́ sínú àrọ, ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá ọ̀tún ló wà tàbí òsì. Bó ṣe jìnnà tó nìkan ló mọ̀.

Ibi tí 20 ti ń cheat yín gan-an ni ibi tí ilẹ̀ bá da gẹ̀rẹ́. Ká ní ilẹ̀ ń ga ní ìdajì mítà fún gbogbo mítà kan tí ẹ bá rìn. Etí àrọ tó kọjú sí òkè ni ìró á kọ́kọ́ kàn, ẹ̀rọ á sì ní ilẹ̀ nìyẹn. Ní mítà 6, ẹja tó bá fi ara mọ́ ilẹ̀ lábẹ́ yín, láàárín sẹ̀ǹtímítà 40, á ti wọnú pupa lọ. Pẹ̀lú 9, bíi sẹ̀ǹtímítà 20 péré ló máa sọnù. Ẹja walleye tí à ń wá níbí, ilẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́, ìdí tí mo fi ń lo 9 nìyẹn. Omi tí kò jìn, bíi mítà 3, ni mo ń fi 20 wò, torí níbẹ̀ ti 9 kò tó ìdajì mítà, ẹja á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ẹ ò ní mọ̀. Bákan náà, tí èèyàn mẹ́rin bá gbẹ́ ihò súnmọ́ra, tí gbogbo wọn gbé àrọ ńlá dání, ìró tẹnìkan á máa tàn lójú ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Mo ti fi gbogbo àárọ̀ ọjọ́ kan lé ẹja tó jẹ́ pé ẹ̀rọ aládùúgbò mi ni.

Èmi á ní kí wọ́n mú 9 bọ̀.

Ọmọ Apẹja, Ìbarò

Bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n bi ẹ̀gbọ́n tó wà lórí yìnyín: yìnyín yẹn, ṣé ó máa ń mì?

Torí ọkọ̀ tiwa ń mì. Tí afẹ́fẹ́ ọ̀sán bá dé, tàbí tí ẹ bá kàn dìde láti na ẹ̀yìn, ọkọ̀ á fì. Orí tí ẹ so mọ́ ara ọkọ̀ á bá a fì, ibòmíràn ló ń wò nígbà yẹn. Èmi fi ìṣirò ṣe é, SS3 ni mo wà. Tí ọkọ̀ bá fì ní dígírì 10, ní mítà 6, àárín àrọ á sún tó mítà kan sí ẹ̀gbẹ́. Ti 9, láti àárín dé etí rẹ̀ kò tó ìdajì mítà, ìwọ̀ yín ti bọ́ síta pátápátá. Ti 20, ìwọ̀ ṣì wà létí gan-an. Tí ẹ bá lo 9, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa rí ìwọ̀ yín.

Bàbá mi ní ọkọ̀ ni kí ẹ tún ṣe, ẹ fi dígírì sílẹ̀. Okùn méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kó má lè yí. Àti pé pupa yẹn kì í ṣe irọ́ ẹ̀rọ nìkan. Kí adágún yìí tó wà ní 1983, oko àti igbó ló wà níbẹ̀. Àwọ̀n wọn ti fà ya lára igi ìsàlẹ̀ yẹn kọjá iye tí wọ́n lè kà.

Wọ́n tún ní kí ẹ má bọ́ sómi láti lọ so okùn, pàápàá létí ibi tí koríko wà. Àtọ̀sí ajá wà nínú omi yẹn. Àwa tí a dàgbà síbẹ̀ ti tọ ẹ̀jẹ̀ rí, ilé ìwòsàn la ti gba oògùn rẹ̀.

Atúnrédíòṣe Lafẹ́nwá

Mo dé o. Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá.

Sátidé tó kọjá, mo di òkúta sínú àpò ìrẹsì méjì, mo sọ ọ̀kan síwájú, mo sọ ọ̀kan sẹ́yìn. N kò fi ẹsẹ̀ kan omi. Ọkọ̀ dúró bí àga. Okùn mi ní omi jẹ́ mítà 4, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Mo wá so àgádágodo mọ́ okùn, mo sọ ọ́ kalẹ̀ dé mítà 3, mo ń gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí díẹ̀díẹ̀. Téépù tí ìyàwó mi fi ń wọn aṣọ ni mo tẹ́ sétí ọkọ̀ (ẹ má sọ fún un).

Bí mo ṣe máa ń yí gain (bọ́tìnnì tó ń mú kí ẹ̀rọ gbọ́ ìró tó rẹlẹ̀) dé òkè pátápátá tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣe. Àgádágodo jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 90 sí orí, ó ṣì ń tàn! Mo wá yí gain wálẹ̀ títí ó fi ku àwọ̀ ewé tín-ín-rín. Mo tún un gbé kúrò. Ní 55, ó ti lọ.

Àṣé 20 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í ṣe ògiri. Kò síbi tí ìró ti dáwọ́ dúró lójijì, ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń kúrò láàárín ni. Tí mo bá ṣí gain sílẹ̀, èmi ni mò ń la àrọ náà sí i fúnra mi, tí mò ń lọ kó kùkùté onígi káàkiri wá sójú ẹ̀rọ. Èmi tí mo ń yí fólúùmù rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló yẹ kó ti mọ̀.

Pupa ìsàlẹ̀ ti dín kù sí bí ìbú ọwọ́ méjì. Kùkùté kan wà níbẹ̀ tí kò kúrò lójú kan. Lókè rẹ̀ iná wẹ́wẹ́ méjì ń gòkè, wọ́n ń sọ̀. Mo gbé ìwọ̀ mi sókè díẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé e, àwọ̀ ewé di ọsàn, ọsàn pọ́n, okùn sì fà. Epìà tó tó àtẹ́lẹwọ́ mi pẹ̀lú ìka ni.

Ìbéèrè kan ló kù. Okùn ní mítà 4, ẹ̀rọ ní 3.8. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọmọ Lísàbi ní Saskatoon

Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé yìnyín kì í mì. Mo gbà.

Ti 3.8 yẹn, ó jọ pé gbígbóná omi ni. Iye àkókò tí ìró fi lọ tó fi bọ̀ ni ẹ̀rọ ń kà, ó wá fi ìsáré kan ṣoṣo ṣírò rẹ̀. Nínú omi tó fẹ́ di yìnyín, ìró ń rìn ní nǹkan bíi mítà 1,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi tó gbóná bíi ti Ọ̀yán, ó ń lọ sí 1,500. Ìró tiyín tètè dé, ẹ̀rọ sì rò pé ọ̀nà ló kúrú. Ẹ máa fi díẹ̀ kún un.

Ṣé àbúrò yín ti wá ra 9 yẹn?

Atúnrédíòṣe Lafẹ́nwá

Ó ti rà á lọ́jọ́ Tuesday, kó tó bi mí.

Ọmọ Lísàbi ní Saskatoon

Ẹ ní kó fi ránṣẹ́ sí mi. Tèmi ti sán lára wáyà.