Ẹrù tí mo dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Tíṣà Ìsánlú

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Kàbà lọ sí Ẹ̀gbẹ̀. Mo gba Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, Mọ̀pà àti Ìsánlú kọjá. Ẹni tó wọ mọ́tò kò ní í lo odindi ọjọ́ kan lójú ọ̀nà yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ni èmi lò, torí mo fẹ́ máa sùn lọ́nà, kí n sì máa rí àwọn àpáta wa láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Mo gbádùn rẹ̀ débi pé mo tún fẹ́ lọ. Àmọ́ nǹkan bí ìdajì ohun tí mo kówó lé lórí ni kò bá ọ̀nà wa mu. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí, kí ẹni tó ń múra má baà ra ohun tí mo rà.

Táyà ló dùn mí jù. Tòkunbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ mi, táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu túùbù rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó gùn tó sì tín-ín-rín, tí wọ́n ń pè ní Presta. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, èmi náà kò sì béèrè. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n wọ Mọ̀pà, ẹ̀gún gún táyà ẹ̀yìn. Mo lẹ̀ ẹ́. Pọ́ǹpù kékeré tí mo mú dání ni kò fẹ́ atẹ́gùn kankan, àṣé rọ́bà inú rẹ̀ ti gé. Mo ti kẹ̀kẹ́ náà lẹ́sẹ̀ dé ọ̀dọ̀ fọ́gánáísà. Ó fa okùn afẹ́fẹ́ rẹ̀ wá, ó tì í mọ́ ẹnu túùbù, kò gbà á. Ẹnu túùbù ọkọ̀ àti ti ọ̀kadà, èyí tí wọ́n ń pè ní Schrader, ni irin ọwọ́ rẹ̀ ń bá mu. Nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ orí Presta kó lè gba irin fọ́gánáísà, kò ju orí ìka lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Mi ò ní i.

Ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin náà ló gbà mí. Ó gé awọ bàtà àtijọ́ kan róbótó, ó rẹ ẹ́ sínú epo, ó fi rọ́pò rọ́bà tó gé nínú pọ́ǹpù mi. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Awọ yẹn ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Lọ́jọ́ kejì, kẹ́ríà ẹ̀yìn ya. Alumíníọ̀mù ni, ó fúyẹ́, ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Àwọn kòtò ojú ọ̀nà ló ṣe é. Mo gbé e lọ bá jórinjórin kan, ó wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, irin ni iná mi lè jó pọ̀. Bí mo bá gbé iná sí èyí, yíyọ́ ló máa yọ́.” Òótọ́ ló sọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó alumíníọ̀mù yàtọ̀. A fi rọ́bà túùbù tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù, wé e mọ́ra, òun ló sì gbé mi dé Ẹ̀gbẹ̀. Nígbà tí mo padà sílé, mo ní kí wọ́n fi ọ̀pá irin rọ òmíràn fún mi. Ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, mi ò sì kábàámọ̀.

Látìgbà yẹn, kí n tó ra ohunkóhun, mo máa ń bi ara mi pé: bí èyí bá bàjẹ́ láàárín Mọ̀pà sí Ìsánlú, ta ni yóò bá mi tún un ṣe?

Ti àgọ́ náà wà níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà ṣe rí báyìí, mi ò sùn sínú igbó. Ní gbogbo ìlú tí mo dé, mo kọ́kọ́ ń lọ kí àwọn àgbà, mo ń sọ ibi tí mo ti ń bọ̀, wọ́n sì ń fún mi láyè ní ọgbà ilé ìwé tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ibẹ̀. Àgọ́ mi sì jẹ́ èyí tí kò lè dúró láìsí èèkàn. Èèkàn wo ló máa wọ sìmẹ́ǹtì? Mo so okùn kan mọ́ òpó, mo so èkejì mọ́ búlọ́ọ̀kù, mo sùn sínú ohun tó rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Àgọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ ń gbé ara rẹ̀ dúró ni kí ẹ rà, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ilẹ̀, ì báà jẹ́ orí àpáta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Nọ́ọ̀sì Ìyàrà

Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ẹ̀gbọ́n.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan la gun kẹ̀kẹ́ láti Ìyàrà lọ sí Ògìdì, lẹ́yìn náà a yí sí Ìyàmoyè. Ìgbà òjò ni. Lórí àgọ́ tèmi, wọ́n kọ 3000mm. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni bí omi ṣe lè ga tó lórí aṣọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo fọkàn balẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara aṣọ ìbora mi tutù rinrin, omi ń kán láti òkè. Inú bí mi sí ẹni tó tà á fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n fọwọ́ kan ìta, kí n wò ó bóyá òjò rọ̀ lóru. Òjò kò rọ̀. Èémí àwa méjèèjì ni. A ti pa gbogbo síìpù dé nítorí ẹ̀fọn, ọ̀rinrin inú èémí wa gbéra, ó kan aṣọ tó tutù, ó di omi. Aṣọ kan ṣoṣo ni àgọ́ yẹn ní. Èyí tí mo ń lò báyìí jẹ́ onílọ́po méjì: àwọ̀n ẹ̀fọn ni ti inú, ti òjò wà lóde rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín wọn kọjá. Kí ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i pé ènìyàn méjì ló ń gbà, ẹnì kan pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ ni.

Ní ti àpò ìsùn, ẹ má wo nọ́ńbà òtútù tí wọ́n kọ gàdàgbà jù sára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta ló sábà máa ń wà níbẹ̀: èyí tí ara máa fi balẹ̀, èyí tí ara máa fi fara dà á, àti èyí tí ẹ̀mí kàn fi máa dúró. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ kà. Ìlú òtútù ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ wọn fún, èmi sì làágùn nínú tèmi. Ìró méjì àti ẹní fóòmù pẹlẹbẹ ti tó fún mi, kódà nígbà ọyẹ́. Ẹní tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gún kan ṣoṣo ti tó fún un.

Kí a tó lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo gbé ẹrù mi sórí òṣùwọ̀n. Kìlógíráàmù 22! Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo dín in kù sí 14. Aṣọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Omi kò ṣeé dín kù: píọ̀ wọ́tà mẹ́fà jẹ́ kìlógíráàmù mẹ́ta, ẹ sì máa nílò wọn.

Ìyàwó pásítọ̀ ló gbà wá sílé ní alẹ́ kejì. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ máa béèrè obìnrin kí ẹ tó béèrè ibi tí ẹ máa sùn.

Ọmọ Òkè Ẹ̀gbẹ̀

Tèmi kò pọ̀. Mo gbé sítóòfù onígáàsì kékeré lọ, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ orí agolo. Agolo kan tán lálẹ́ kejì, mi ò rí òmíràn rà títí mo fi dé ilé. Èyí tó ń gba kẹrosíìnì ni mo rà lẹ́yìn náà. Àmọ́ kí n sọ òótọ́, iyán wà ní gbogbo ìlú tí a ń gbà kọjá. Mo ti ń fi sítóòfù sílé báyìí, tíì nìkan ni mo ń pàdánù.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, Kàbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Tíṣà, ọ̀rọ̀ rẹ dára, ṣùgbọ́n o kò mẹ́nu ba sípóòkù. Kẹ́ríà lè ya, o lè fi rọ́bà dì í. Bí sípóòkù ẹ̀yìn méjì bá já lábẹ́ ẹrù, rímù á wọ́, ìrìn ti parí. Ẹ̀yìn ló ń gba ìwúwo, àwọn tó wà ní ìhà ṣéènì ló sì sábà máa ń já. Kí o tó kúrò nílé, fi ìka ta wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta okùn gìtá. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìhà kan náà lọ ti dẹ̀. Mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí gígùn wọn bá tìrẹ mu dání, lẹ̀ wọ́n mọ́ ara irin kẹ̀kẹ́, wọn kò wúwo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lo kẹ̀kẹ́ àtijọ́, táyà 28, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo gùn ún láti ìgbà èwe. Ó lágbára. Àmọ́ bíréèkì onírin gígùn rẹ̀ kì í mú dáadáa bí òjò bá ti lu rímù. Ẹ má fi ẹrù sọ̀kalẹ̀ òkè nínú òjò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ tì í. Mo ti rí ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá sì ń bọ̀ láti ìhà Lọ́kọ́ja gba Ọbájànà, tírélà sìmẹ́ǹtì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ so dígí mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ní ìhà òsì, kí ẹ rí wọn kí wọ́n tó dé ẹ̀yìn yín.

Tíṣà Ìsánlú

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo ti jáde lọ ta wọ́n báyìí tán. Mẹ́ta ni ohùn wọn rẹlẹ̀, ìhà ṣéènì ni gbogbo wọn wà, bí ẹ ṣe sọ. Àbúrò mi nọ́ọ̀sì, mo ti kọ ti àgọ́ onílọ́po méjì sílẹ̀.

Bàbá, bí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé táyà ẹ̀yìn náà wá bá yín.