Èmi nìkan, ọmọ méjì, ọ̀nà Accra

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ni mo ń gbé. Bàbá àwọn ọmọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Gàbọ́ǹ, èmi nìkan ni màá kó wọn lọ sí Accra fún ọjọ́ márùn-ún nínú oṣù kẹjọ. Ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, àbúrò rẹ̀ obìnrin ò tíì pé mẹ́ta, mo ṣì ń pọ̀n ọ́n.

Ẹnubodè ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. A ó kọjá ní Hillacondji bọ́ sí Tógò, a ó tún kọjá ní Aflao ká tó wọ Gánà: ẹ̀ẹ̀mejì la ó sọ̀kalẹ̀ tò, pẹ̀lú ẹrù, pẹ̀lú ọmọ tó ń sùn. Gbogbo wa ti ní káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ṣé wọ́n máa ń béèrè ìwé àṣẹ bàbá? Ta ló yẹ kó bá a fi òǹtẹ̀ lù ú níbi tó wà?

Bí ọ̀kan bá fẹ́ tọ̀ nígbà tí èkejì ń sùn lẹ́yìn yín, tí ẹrù wà nílẹ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Mo fẹ́ kí wọ́n rí òkun ní Labadi àti ibojì Kwame Nkrumah. Àdúgbò wo ló dákẹ́ tí a lè sùn sí? Gẹ̀ẹ́sì mi ò tó nǹkan.