Ọ̀yọ́ Ògbólógbòó kẹ̀?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ọ̀yọ́. Ẹni wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtàn fáwọn ọmọ ilé-ìwé dábàá pé kí á máa fi ‘ògbólógbòó’ túmọ̀ ‘old’ níbi gbogbo, kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tó kan ‘Old Oyo’, ó kọ ‘Ọ̀yọ́ Ògbólógbòó’. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀.

Ìwà ni ògbólógbòó máa ń sọ. Ògbólógbòó olè, ògbólógbòó ọ̀mùtí: ẹni tí nǹkan ọ̀hún ti di bárakú fún ni. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ gidi lèèyàn ti pẹ́ nídìí ẹ̀, àgbà ọ̀jẹ̀ là ń pè é. Ẹni tó bá pe bàbá onílù ní ògbólógbòó onílù, kó yáa múra àlàyé sílẹ̀.

‘Gbó’ pàápàá ò dúró sójú kan. Aṣọ tó gbó ti ń lọ sídìí àkísà, ṣùgbọ́n iṣu tó gbó ni oníyán ń wá kiri. Gẹ̀ẹ́sì ò ní pe irú iṣu bẹ́ẹ̀ ní ‘old’, àfi tó bá jẹ́ iṣu èṣí. Tí wọ́n bá sì ní ‘ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́’, ta ni ò ní ṣe àmín? ‘Old friend’ náà ń kọ́? Tí mo bá ní ‘ọ̀rẹ́ mi àtijọ́’, ẹ lè bi mí pé kí ló dà yín pọ̀. Ọ̀rẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ò mú ìbéèrè yẹn wá.

Ká padà sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé ibẹ̀ ní 1826, tó ń pè é ní Katunga bí àwọn Haúsá ṣe ń pè é, Aláàfin ṣì wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀. Kò sí ‘old’ kankan lára ìlú náà. Ẹ̀yìn tí ogun tú u, tí Aláàfin Àtìbà gbé ìtẹ́ wá sí Àgọ́, tó di Ọ̀yọ́ tòní, láàrin 1830 sí 1840, ni Gẹ̀ẹ́sì wá nílò ọ̀rọ̀ tí yóò fi ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àwa ti ní tiwa: Ọ̀yọ́-Ilé. Kò sọ pé ìlú náà ti gbó, ibi tí a ti ṣí wá ló ń sọ. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe tòní ní ‘Ọ̀yọ́ Tuntun’ ní ọjà Akẹ̀sán.

Ẹnìkan lè ní Ọ̀yọ́-Ilé ò jẹ́ kí ọmọdé mọ̀ pé ahoro ni ibẹ̀ báyìí. Òótọ́ ni. Kí olùtumọ̀ fi ‘olú ìlú Ọ̀yọ́ látijọ́’ ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ọgbà ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1991, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ‘Old Oyo National Park’, kó pè é ní ti Ọ̀yọ́-Ilé bákan náà.

Ó ku ‘old students’. Akẹ́kọ̀ọ́jáde ni mo fara mọ́, torí ‘akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́’ dà bí ẹni tó fi wàláà kàwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí lẹ̀ ń kọ sára aṣọ ẹgbẹ́ yín?